Julien Dubuque kò ra ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Ní ìlú Dubuque, létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Iowa, òkè kan wà níbi tí odò kékeré Catfish ti ṣàn wọnú odò ńlá. Ilé gogoro olókùúta ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1897 sójú ibojì Julien Dubuque. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀ yìí ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Meskwaki, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, òun náà ló sì tẹ ìlú dó. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọmọ Faransé ilẹ̀ Kánádà ni Dubuque. Àwọn Meskwaki sọ ọ́ ní Òru Kékeré. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1788, ní Prairie du Chien, wọ́n bá a ṣe ìwé pé kó máa wa òjé níwọ̀n ìgbà tó bá wù ú, kí ẹnikẹ́ni má sì dà á láàmú. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ “tà” wà nínú ìwé náà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìwakùsà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí, èyí tí ìyàwó Peosta, ọkùnrin Meskwaki kan, ṣàwárí. Ní ibi yòókù, àyè láti wá òjé ni wọ́n fún un, kò sì sí ààlà ilẹ̀ kankan nínú ìwé. Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ yóò tètè rí ìyàtọ̀ yìí.

Wọn ò kọ orúkọ ìyàwó Peosta sílẹ̀. Àdánù ńlá ni, nítorí pé bí a bá ń ka àwọn ẹni àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìlú yìí, òun ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn obìnrin Meskwaki àtàwọn arúgbó ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ kùsà náà. Wọ́n á dáná sára àpáta títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù lé e kó lè sán, wọ́n á fi ìwo àgbọ̀nrín wú kùsà jáde, wọ́n á sì fi awọ àgbọ̀nrín wọ́ ọ sókè. Láti yọ́ ọ, wọ́n á gbẹ́ ihò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, jíjìn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ há bí àrọ. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n á fi tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á sì to òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ìdí rẹ̀, kí àlàfo wà láàárín. Wọ́n á gbẹ́ ihò mìíràn láti ìsàlẹ̀ òkè wá pàdé ìdí àrọ yìí, igi gbígbẹ ni wọ́n á kì bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti da kùsà sókè tí wọ́n ṣáná sí i nísàlẹ̀, òjé á yọ́, á sì máa ṣàn jáde. Èyí tó bá dì tán máa ń wọ̀n tó kìló 32. Iná gbangba kì í mú kùsà dọ́gba, nítorí náà òjé púpọ̀ ń kù sínú eérú, débi pé àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun tó dé lẹ́yìn náà ń tún eérú ọ̀hún sun.

Ní 1796, Dubuque kọ̀wé sí Carondelet, gómìnà Spéìn ní Louisiana, agbègbè ńlá tí Iowa wà nínú rẹ̀ nígbà náà, pé òun ti ra ilẹ̀ tó gùn tó líìgì méje létí odò, tó sì wọnú tó líìgì mẹ́ta (líìgì kan tó nǹkan bí máìlì mẹ́ta). Gómìnà fọwọ́ sí i. Nígbà tí gbèsè wọ Dubuque lọ́rùn, ó ta nǹkan bí ìdajì rẹ̀ fún Auguste Chouteau, oníṣòwò ní St. Louis, ní 1804. Ó kú lóṣù Kẹta 1810. Àwọn Meskwaki sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ní kí àwọn wá jogún kùsà náà dé, wọn ò gbà fún wọn. Ẹni tí wọ́n fún láyè ti kú, àyè náà sì bá a lọ.

Ta ló wá tẹ ìlú dó? Lóṣù Kẹfà 1830, àwọn awakùsà, tí James Langworthy wà lára wọn, kọ òfin tiwọn: ilẹ̀ tó jẹ́ igba yáàdì níbùú lóròó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lé wọn kúrò, torí pé ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí Black Hawk, balógun ẹ̀yà Sauk, bá Amẹ́ríkà jà ni ìjọba fi àdéhùn 1832 gba ilẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ àwọn Sauk àti Meskwaki, ìgbà tó sì di oṣù Kẹfà 1833, àwọn awakùsà padà wọlé. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́ ìlú, ọdún 1834 ni wọ́n sì fi orúkọ Dubuque sọ ọ́.

Àwọn àrólé Chouteau pe ẹjọ́ ilẹ̀ náà. Àwọn tó ti kọ́lé, tó sì ti gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ni ìbá pàdánù. Nínú ẹjọ́ Chouteau àti Molony, ọ̀kan lára àwọn tó gba ìwé ilẹ̀ yẹn, ti ìjókòó ọdún 1853, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà tú ìwé 1788 palẹ̀, ó sì dá a pé àyè ìwakùsà ni àwọn Meskwaki fún Dubuque, gómìnà Spéìn kò sì fún un ní ju ìyẹn lọ.