Naive, gullible, simplistic: ṣé èébú ni gbogbo ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o bọ̀dá. Mo kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tì mi níbi iṣẹ́ pé gbogbo kọ́sítọ́mà wa ló máa san gbèsè wọn lọ́jọ́ tó pé, ọ̀gá mi wá kọ "naive" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ó ń bú mi ni?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín tó bẹ́ẹ̀ jàre. Ọwọ́ àwọn Faransé làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, inú nativus ti èdè Látìn ló sì ti wá, ìyẹn ohun tí wọ́n bí mọ́ni. Ẹni tó ṣì wà bí wọ́n ṣe bí i, tójú ẹ̀ ò tíì là sí nǹkan yẹn, òun ni naive. Nílé wa, mo lè pe irú ẹ̀ ní ògbèrì, ẹni tí ò tíì wọ awo, kì í ṣe pé ó gọ̀. Ọ̀gá yín ti ta àwìn rí ni, ohun tójú ẹ̀ rí ló fi ń sọ̀rọ̀. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò ta o, ó ta, àgàgà tó bá jẹ́ èèyàn gan-an ni wọ́n fi pè, àmọ́ èrò yín ló fi pè.

Ìbéèrè: Gullible wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn le jù ú lọ. Láyé àtijọ́ "to gull" ni kí wọ́n lu èèyàn ní jìbìtì, torí náà ẹni tó rọrùn láti lù ní jìbìtì ni gullible, ẹni táwọn ọmọ ìgboro ń pè ní mùgù. Ẹni tó jẹ́ naive, tójú ẹ̀ bá là lẹ́ẹ̀kan ó tán, àmọ́ ẹni tó jẹ́ gullible, wọ́n lù ú lánàá, ó tún ń fowó ránṣẹ́ lónìí. Ẹ ẹ̀ rí i, ọkùnrin kan wà ní New York tó ń jẹ́ George C. Parker, afárá Brooklyn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1883 ló ń tà fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, á ní tí wọ́n bá ti rà á, wọ́n á máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá lórí ẹ̀. Ọdún 1928 ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n gbére. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé tó o bá gba ìyẹn gbọ́, mo ní afárá tí mo fẹ́ tà fún ẹ. Lójú tèmi o, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á, naive ni wọ́n, àjèjì ni wọ́n, ta ló máa sọ fún wọn pé afárá ìlú ò ṣeé tà?

Ìbéèrè: Mo máa ń lo simplistic fún nǹkan tí ò le.

Ìdáhùn: Há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀! Simple lèyí tó rọrùn. Tẹ́ ẹ bá sọ fún tíṣà pé àlàyé ẹ̀ simplistic, ẹ rò pé ẹ yìn ín, ẹ ti tàbùkù ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó lẹ́ka rẹpẹtẹ téèyàn wá sọ bíi pé ìdí kan péré ló ní, òun ni simplistic. Bíi kí wọ́n ní àwọn ọmọ ń fèèlì torí pé ọ̀lẹ ni wọ́n, ẹni tí ò jẹun kó tó lọ síléèwé ńkọ́, ẹni tí ò níwèé ńkọ́?

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n sọ fún ọ̀gá mi?

Ìdáhùn: Ẹ mú rípọ́ọ̀tì yẹn lọ bá a, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn kọ́sítọ́mà yìí, àwọn wo lẹ rò pé wọn ò ní san án lásìkò?"