Ẹ̀gùn onílé: ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Ẹni tó bá fẹ́ kan ẹ̀gùn onílé, ìyẹn ibi gíga tí ọdẹ ti ń dúró de ẹran, èyí tó ní ògiri àti òrùlé lórí òpó mẹ́rin, òpó ló máa ń kọ́kọ́ wá. Ilẹ̀kùn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilẹ̀kùn ń gbá àga, tàbí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí i láti orí àkàsọ̀ ní láti fà sẹ́yìn sínú òfuurufú kí ó tó ráyè wọlé. Ilẹ̀kùn ló ń sọ ibi tí àkàsọ̀ yóò wà, ibi tí ọdẹ yóò kọjú sí, ògiri tí kò ní ní fèrèsé, àti bí igi ìtẹ́lẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Bí ẹ bá ti ri igi wọ̀nyẹn tán kí ẹ tó rò ó, ó ti di àbùlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ lọ dúró níbi tí ẹ fẹ́ kàn án sí, kí ẹ wo ojú ọ̀nà ẹran. Ọ̀dọ̀ ẹran ni ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ti máa fẹ́ wá bá yín, kí òórùn yín má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀gùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà. Níbẹ̀, ara ẹ̀gùn fúnra rẹ̀ yóò bo ẹni tó ń gòkè mọ́lẹ̀, òjò kò ní máa na ilẹ̀kùn tààrà, ẹ kò sì ní gba ojú ọ̀nà ẹran kọjá kí ẹ tó dé ìdí àkàsọ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ibẹ̀ fi burú: bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí nígbà tí fèrèsé iwájú náà ṣí, orí àti èjìká yín yóò yọ kedere ní dúdú lójú fèrèsé. Nítorí náà, ẹ má fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn, ẹ má sì ṣí fèrèsé iwájú kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀dà dúdú tí kì í dán ni kí ẹ fi kun gbogbo inú ilé náà, títí kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó sì gùn ní 6, tó ẹnì kan. 6 sí 6 ni ti ẹni méjì. Gíga inú ilé kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti àbọ̀, kí ẹni tó bá dìde dúró má fi orí kan òrùlé. Ní ti bí yóò ṣe ga sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 tó fún ọ̀pọ̀ ibi. Ẹlòmíràn a gbé e sókè ju 10 lọ, èrò rẹ̀ ni pé yóò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ga ló ń mì, àkàsọ̀ rẹ̀ sì ń di ewu. Òpó 4×4 (íǹṣì ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n igi báyìí) lè gbé èyí tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo 6×6. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ là síta: fún gíga ẹsẹ̀ bàtà 8, kí ìdí òpó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan jáde ju orí rẹ̀ lọ. Igi méjì tó dábùú ara wọn bí àgbélébùú ni kí ẹ fi de òpó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bóòtù onílàjì íǹṣì pẹ̀lú wáṣà ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ìṣó lásán, torí pé bí igi bá ti ń mì, díẹ̀díẹ̀ ni ìṣó ń yọ. Bí igi náà bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi oògùn olóró bàbà ṣe kí ikán má baà jẹ ẹ́, irin lásán kò ní pẹ́ tí yóò fi dípẹtà nínú rẹ̀. Irin tí wọ́n rì bọ inú síńkì gbígbóná ni kí ẹ rà.

Ìtẹ́lẹ̀ ni ibi tí ilẹ̀kùn ti kọ́kọ́ ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Igi 2×6 ni kí ẹ tò, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní íǹṣì 16, kí ẹ wá kan plywood tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lé e. Kí ẹ tó kan plywood yìí, ẹ fi téèpù wọn ìtẹ́lẹ̀ láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 6 sí 6, ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6, kí wọ́n sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi íǹṣì kan ju èkejì lọ, férémù ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀ yóò wọ́, ilẹ̀kùn á wá máa há lókè ní igun kan, àlàfo á sì ṣí ní igun kejì. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fá létí lọ́dọọdún, ìtẹ́lẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta ni mo fara mọ́ jù, ṣùgbọ́n kí pèpéle wà níwájú rẹ̀. Kì í gba àyè àga nínú ilé, òjò kì í sì í rọ́nà wọlé nídìí rẹ̀ tó ti èyí tó ń ṣí sínú. Pèpéle náà gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 síta, kí ẹni tó dúró lé e lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń bọ̀. Ẹ má kàn fa igi ìtẹ́lẹ̀ gùn síta kí ẹ fi í sílẹ̀ lófo. Òpó méjì míì ni kí ẹ fi gbé orí rẹ̀, kí ẹ sì fi igi ìdìmú yí i ká. Bí kò bá sí àyè fún pèpéle, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sínú, kí ẹ sì fi àyè àga san owó rẹ̀. Ẹ má ṣe kan ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta lé orí àkàsọ̀ gbalaja láé. Ọwọ́ kan á wà lára àkàsọ̀, ọwọ́ kejì á máa fa ilẹ̀kùn, ara á sì tẹ̀ sẹ́yìn. Báyẹn ni èèyàn ṣe ń já.

Àwọn irú míì wà. Ilẹ̀kùn tó ń wọ́ lórí irin kì í gba àyè, ṣùgbọ́n iyanrìn díẹ̀ tó bá bọ́ sójú irin rẹ̀ ti tó láti pariwo. Aṣọ tapólì tó nípọn kì í dún nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dé, ó ń lu bí ìlù. Ti ihò ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbà láti abẹ́ wọlé, ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá: orí lẹ ó fi gbé e sókè nígbà tí ẹ wà lórí àkàsọ̀, bí ẹ bá sì gbàgbé láti dé e, ẹsẹ̀ yín wà lẹ́nu kòtò nínú òkùnkùn.

Ìbú íǹṣì 28 sí 30 ló dára. Nínú 24, àpò àti aṣọ yóò máa ha igi ẹnu ọ̀nà, ẹran á sì gbọ́ ọ. Ẹ má lo ilẹ̀kùn yàrá tí inú rẹ̀ ṣófo; òjò ọdún kan ni yóò bó o láwọ̀. Ẹ kàn án fúnra yín: plywood onílàjì íǹṣì lórí férémù igi tín-ín-rín, pẹ̀lú igi kan tó dábùú ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí igi ìdábùú yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Láti igun ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì ni kó ti gòkè lọ sí igun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́. Igun òkè yẹn ni kò ní ohun tó gbé e dúró, òun ló sì máa ń fẹ́ rọ̀ wálẹ̀. Igi náà á tì í sókè bí ọ̀pá tí a fi ti ògiri, ẹrù rẹ̀ á sì bọ́ sórí híńjì ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi í sódì, ńṣe ni ẹrù yóò máa fa ìṣó inú rẹ̀ yọ, láìpẹ́ ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú wọ́lẹ̀.

Ẹ fi àlàfo ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì sílẹ̀ yí i ká, ìlọ́po méjì rẹ̀ nísàlẹ̀, torí igi gbígbẹ ń wú nígbà òjò. Ẹ kun ẹ̀bá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dà pẹ̀lú. Ẹ̀bá ìsàlẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà wọ inú plywood.

Híńjì mẹ́ta ni kó ní. Ti òkè jù lọ, bóòtù tó la igi já ni kí ẹ fi dè é. Ìdí rẹ̀ ni pé ìjì tó ń sáré 60 máìlì ní wákàtí kan ń fi nǹkan bíi pọ́n-ùn 9 ti gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 1. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àti àbọ̀, tó ga tó 6, yóò gba nǹkan bíi pọ́n-ùn 135 bí ìjì bá bá a ní ṣíṣí. Skúrù kúkúrú á já. Ẹ so ṣẹ́ẹ̀nì tàbí okùn mọ́ ọn kó má lè ṣí kọjá ibi tó yẹ. Ìṣirò kan náà fi hàn pé ògiri 6 sí 6 ń gba ju 320 lọ, nítorí náà ẹ fi wáyà irin de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀gùn mọ́ irin tí ẹ rì sílẹ̀.

Ariwo wá kù. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ di ojú, kí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó sì tún tì í. Ohun tí etí yín bá gbọ́, ẹran ti gbọ́ ọ tipẹ́. Bí híńjì bá ń han, ẹ fi àbẹ́là pa á. Epo mọ́tò ń rùn. Bí ilẹ̀kùn bá ń gbá igi ẹnu ọ̀nà, ẹ lẹ fóòmù tín-ín-rín mọ́ etí rẹ̀, òun náà ni yóò dí afẹ́fẹ́ àti eku. Irin tó ń kan irin ló burú jù, nítorí náà ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan tó ń yí lórí bóòtù ṣe ìkọ́ inú, kí ẹ sì lẹ awọ sí ibi tó ti ń gbà. Okùn tí ẹ gbà ihò kọjá tó láti fi fà á. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi àgádágodo tì í síta nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé irin tó ń gba àgádágodo kò lè ṣubú padé fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà nínú ilé.

Àkàsọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 jáde síta fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4 tó bá ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 lókè pèpéle kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú. Ẹ ya ojú sára igi ẹ̀gbẹ́ kí àtẹ̀gùn rẹ̀ lè jókòó sínú rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì lẹ ó fi gùn ún. Ìbọn tí kò ní ọta nínú ni kí ẹ so mọ́ okùn, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ẹ fà á gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúró dáadáa lórí pèpéle.

Lọ́dọọdún, kí àsìkò ọdẹ tó wọlé, ẹ mú sípánà lọ fún bóòtù pọ̀, torí pé igi á ti gbẹ, á sì ti sún kì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi igi gbá òpó láti ilẹ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Igun òkè inú ilé, lókè híńjì, ni agbọ́n fẹ́ràn láti kọ́lé sí, ẹni tó bá sì ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá lójú.