Ewúrẹ́ Ló Là Á Yé Wa: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìmọ̀ nípa Ohun Tó So Ìyá Mọ́ Ọmọ

Lọ́dọ̀ Konrad Lorenz, onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko, ará Austria, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nítorí ìwé tó kọ ní 1935 nípa ọmọ ẹyẹ tó ń tọ ohun tó bá kọ́kọ́ rí lẹ́yìn. Douglas Spalding sì ti rí irú rẹ̀ lára òròmọdìyẹ ní 1873. Ṣùgbọ́n ọmọ ni àwọn méjèèjì ń wò. Ní ti ohun tó so ìyá mọ́ ọmọ rẹ̀, ewúrẹ́ ló dáhùn, ìdáhùn náà kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ń sin ẹran ní Kàbà tàbí Ìsánlú.

Ó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún tí ènìyàn ti ń sin ewúrẹ́ ní ibi tí à ń pè ní Iran lónìí. Kò sí ìwé nígbà náà, àmọ́ kò lè ṣòro fún wọn láti rí i pé ewúrẹ́ máa ń fi orí kan ọmọ ọlọ́mọ dànù, tó sì ń gba èyí tó bá ti lá. Èmi gbà pé ìmọ̀ yìí dàgbà tó agbo ẹran fúnra rẹ̀. Ẹ wo èdè tiwa náà: ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ ènìyàn, a kì í fi oyún bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ti fura pé wákàtí ìbí ni okùn náà ń so.

Ní 1964, Peter Klopfer, onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán an wò lára ewúrẹ́. Bí ìyá bá fi ìṣẹ́jú 5 péré wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tí a wá gbé ọmọ lọ fún wákàtí bíi mélòó kan, yóò gbà á padà. Bí a bá gbé e lọ kó tó fimú kàn án, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ni yóò kọ ọmọ wọn lẹ́yìn wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí lára àgùntàn fi ìdí rẹ̀ hàn: bí ọ̀nà ìbí ṣe ń fẹ̀ ni oxytocin, èròjà ara tó ń ran ìbí àti ìfẹ́ ọmọ lọ́wọ́, ń tú jáde nínú ọpọlọ, òórùn ọmọ á sì wọlé síbẹ̀.

Ìwádìí Harry Harlow lórí ìfẹ́ ọmọ ọ̀bọ sí ìyá ní 1958, ìwé John Bowlby lórí ìsopọ̀ ọmọ mọ́ ìyá ní 1969, ìtọ́jú ọmọ tí kò pé oṣù láyà ìyá ní Bogotá, ní Colombia, láti 1978, gbogbo ìyẹn tẹ̀ lé ara wọn. Ti ènìyàn kò le tó ti ewúrẹ́: ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún àti ẹni tó gba ọmọ tọ́ ṣì ń fẹ́ ọmọ wọn dénú.

Ẹni tó ń sin ẹran lè lo ìmọ̀ yìí. Bí ọmọ ewúrẹ́ bá kú, tí òmíràn sì di òrukàn, fi omi ìbí tó bá òkú ọmọ wá pa òrukàn náà lára, pàápàá lórí àti nídìí ìrù, torí ibẹ̀ ni ìyá ń gbóòórùn. So ìyá ní okùn kúkúrú, kí ọmọ lè mu wàrà àkọ́kọ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Bí omi náà bá ti gbẹ, bó awọ òkú ọmọ, dè é mọ́ òrukàn lẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan. Má fi ọṣẹ wẹ ọmọ tuntun rárá. Ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí àkọ́bí ló ṣeé ṣe jù kó sá fún ọmọ.