Kí ló dé tí ogun 1066 àti ogun 1944 fi pàdé ní etíkun Normandy?

Ìbéèrè: A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé nígbà ìsinmi. Kí ló dé tí ilé ogun Hitler àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀ fi jọ wà lágbègbè kan náà?

Òkun ló fà á. Omi tó pààlà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ̀ púpọ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ gbógun lọ sí òdìkejì máa ń gbà. Ní 1066, William, olórí Normandy, kó sójà àti ẹṣin sínú ọkọ̀, ó sọdá, Ọba Harold ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú sójú ogun ní Hastings, William sì gba adé. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà sọdá òkun yìí kan náà, wọ́n ń bọ̀ wá lé àwọn ará Jámánì kúrò ní Faransé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Ní Bayeux, ìlú kan ní Normandy, lójú ọ̀nà tó kọjú sí itẹ́ òkú àwọn sójà wọn, ìrántí kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó lé ní 1,800 sí, àwọn tí a kò mọ ibi tí sàréè wọn wà. Èdè Látìn ni wọ́n kọ sókè rẹ̀: àwa tí William ṣẹ́gun rí ti dá ilẹ̀ aṣẹ́gun náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, gbogbo ohun yòókù á yé wọn.

Ìbéèrè: Báwo ni àwọn ilé àtijọ́ ṣe yè é?

Ọ̀tọ̀ ni ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Bayeux bọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà láìsí ìjà tó le, ìdí nìyẹn tí kàtídírà rẹ̀ fi dúró digbí. Caen jìyà. Bọ́ǹbù wó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà, ìjà ibẹ̀ sì lé ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú sá sí Abbaye aux Hommes, ilé ìsìn tí William fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ibi tí wọ́n sin ín sí. Ilé náà kò wó. Èmi ò lè wọ ibẹ̀ kí n má ronú nípa àwọn ìyá tó gbé ọmọ mọ́ra lábẹ́ òrùlé yẹn.

Ìbéèrè: Aṣọ Bayeux ńkọ́?

Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, ó gùn tó nǹkan bí àádọ́rin mítà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú irun àgùntàn ya ìtàn ogun 1066 sí i lára. Ilé tí wọ́n ń pa á mọ́ sí tì fún àtúnṣe ní oṣù kẹsàn-án 2025, 2027 ni wọ́n dá fún ṣíṣí rẹ̀, wọ́n sì ti gbà láti yá British Museum ní London láàárín ìgbà náà. Ẹ wádìí kí ẹ tó gbéra.

Ìbéèrè: Kí ni àwọn ògúlùtú kọnkéré inú omi ní Arromanches?

Èbúté ni. Àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ ní 1944 ò rí èbúté gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ni wọ́n bá mọ tiwọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fà á sórí omi wá. Ẹ lọ nígbà tí omi bá fà, ẹ ó lè rìn dé ìdí díẹ̀ nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò tí omi máa padà kún, torí ó ń yára.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ kí ọmọdé dé itẹ́ òkú àwọn ará Amẹ́ríkà ní Colleville-sur-Mer?

Ó yẹ. Sàréè tó lé ní 9,300 ló wà níbẹ̀, òkè etíkun Omaha, ibi tí àwọn sójà Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí, gan-an ni. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má pariwo, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àwọn sójà náà àti ọjọ́ ikú wọn.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn baba wa jà níbẹ̀?

Boma ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ sójà wa lọ nígbà ogun Hitler, kì í ṣe Normandy.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa débẹ̀ láti London?

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Portsmouth, Ouistreham ló máa já yín sí, ní ìpẹ̀kun Sword, ọ̀kan nínú etíkun márùn-ún tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ní 1944. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà Schengen.