Bí òpìtàn ṣe ń ka fáìlì olófòófó

Èéfín ni àwọn ará ìlú Erfurt, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn tó jẹ́ orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ nígbà náà, kọ́kọ́ fura sí. Odi Berlin, tó pín ìlú Berlin sí méjì, ti wó ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí èéfín fi ń rú ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá inú tí gbogbo ayé mọ̀ sí Stasi. Ta ni kò mọ̀ pé fáìlì tí wọ́n kọ nípa ará ìlú ni wọ́n ń sun? Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, àwọn ará ìlú, tí àwọn obìnrin ṣíwájú wọn, já wọlé, wọ́n sì dá iṣẹ́ ibi náà dúró. Àwọn ìlú mìíràn tẹ̀ lé wọn, títí ó fi kan olú ilé iṣẹ́ ní Berlin ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni òpìtàn fi rí nǹkan kà lónìí.

Ọdún 1950 ni wọ́n dá Stasi sílẹ̀. Nígbà tí ó máa fi kógbá sílé, òṣìṣẹ́ olówó oṣù tó wà níbẹ̀ tó 91,000, olófòófó tí wọ́n ní láàárín ará ìlú sì ju 170,000 lọ, ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 16. Bí wọ́n bá to ìwé tó ṣẹ́ kù síbi kan, yóò gùn tó kìlómítà 111. Òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 1991 ló ṣí i sílẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 1992, ẹni tí wọ́n ṣọ́ lè lọ ka fáìlì ara rẹ̀, kó sì béèrè orúkọ ẹni tó ń sọ tirẹ̀ fún wọn. Òpìtàn náà lè kà, ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi dúdú pa orúkọ àwọn tí wọ́n ṣọ́ rẹ́ nínú ẹ̀dà tí wọ́n bá fún un, àfi bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe ń wá fáìlì yìí gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́. Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní F16. Orúkọ gidi, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà kan ló wà lórí rẹ̀. Bí orúkọ ṣe ń dún létí ni wọ́n fi tò wọ́n, torí Meyer, Maier àti Meier kò yàtọ̀ létí ẹni tó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Àmọ́ F16 kì í sọ bóyá olófòófó ni ẹni náà tàbí ẹni tí wọ́n ń ṣòfófó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti mú nọ́ńbà yẹn lọ sí àpótí mìíràn, níbi tí káàdì F22 wà. Orúkọ ìnagijẹ, irú ọ̀ràn àti ẹ̀ka tó ni ín ló wà lórí ìyẹn; orúkọ gidi kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí òṣìṣẹ́ kan má bàa dá mọ gbogbo rẹ̀, torí àwọn náà kò fọkàn tán ara wọn. Ẹni tó bá rí orúkọ èèyàn lórí F16 tó wá pariwo pé "amí rèé!" kò tíì ka nǹkan kan.

Bí fáìlì bá wá délẹ̀, ìbéèrè òpìtàn ni pé ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí, kí ló sì fẹ́ rí gbà nídìí rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, olófòófó a jókòó ti ọ̀gá Stasi nínú ilé kan tí ojú ò tó, a sọ ohun tó rí, ọ̀gá a wá fi èdè tirẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá yìí náà ní àwọn tó wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń retí olófòófó tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ lásán lè di ìròyìn ńlá lórí ìwé. Ìdí nìyí tí òpìtàn fi ń wá ohun tí olófòófó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí, àti rìsíìtì. Àwọn àgbà ní olófòófó kì í gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ; ṣùgbọ́n níbí, àwọn kan gbẹ́gbàá, wọ́n sì fi orúkọ ìnagijẹ wọn fọwọ́ sí i.

Èdè fáìlì náà ní ìkẹ́kùn tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá irun sí, tó ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀ àlàáfíà, lè di "ọ̀tá" lójú ìwé kejì. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe rí yóò rò pé ọ̀tá kún ìlú bámúbámú. Ohun tí fáìlì fi hàn dájú ni ohun tó ń já ẹni tó kọ ọ́ láyà. Síbẹ̀ àwọn ibi kan wà tí kò sí ẹlẹ́rìí tó tó fáìlì náà. Láti ọdún 1976, ìlànà kan wà nílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe tú ayé èèyàn ká láìfi í sẹ́wọ̀n: wọ́n á tan àhesọ kálẹ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á bá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, wọ́n á sì da àárín òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rú. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè máa rò pé orí òun ni kò dáa, títí ọjọ́ tó ka ètò náà, ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀, nínú fáìlì.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òpìtàn a gbé ìwé ìjọba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mìíràn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1989, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba sì kéde pé ìdá 98.85 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba tàwọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kan ti dúró ti àwọn tó ń ka ìbò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro ó pọ̀ ní Weißensee, ní Berlin, ìbò "rárá" ju èyí tí ìjọba kéde lọ fíìfíì. Àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀hónú tí ará ìlú ń kọ sí ìjọba nítorí ilé àti mọ́tò náà wà nípamọ́. Àwọn òpìtàn mẹ́ta láti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, Lutz Niethammer, Alexander von Plato àti Dorothee Wierling, tilẹ̀ gba àyè ní ọdún 1987 láti fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbàlagbà lẹ́nu wò nígbà tí ìjọba náà ṣì wà lórí oyè.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá díẹ̀. Ní ọdún 1951, akẹ́kọ̀ọ́ 11 láti Nàìjíríà dé ìlú Leipzig, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn. Àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Ìwé ìjọba a máa pe irú wọn ní ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rẹ́ náà ṣe rí lára wọn yóò wá lẹ́tà àti ẹnu àwọn fúnra wọn.

Àlàfo pọ̀. Ẹ̀ka Stasi tó ń ṣamí lókè òkun gbàṣẹ ní ọdún 1990 láti tú ara rẹ̀ ká, ó sì run èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì rẹ̀. Àwòrán káàdì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn amí Amẹ́ríkà, ó sì di ìgbà tí ọdún 2000 wọlé kí Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà. Ní àwọn ọ́fíìsì Stasi yòókù, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé kò lè mú un mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á. Àpò ìwé yíya tó kù tó 16,000. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń tò ó padà. Wọ́n gbìyànjú kọ̀ǹpútà, àpò 23 péré ló yanjú. Ọwọ́ èèyàn ti yanjú àpò tó ju 500 lọ. Ẹni tó ń tò ó kì í da àpò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú láti òkè, torí ẹni tó ya ìwé náà ń kánjú, ibi kan náà ló ju gbogbo rẹ̀ sí, ẹ̀là kejì kì í sì í jìnnà sí àkọ́kọ́.