Bí wọ́n ṣe ń mú kí máṣíìnì sáré nínú fíìmù

Ẹ ti rí i rí, áktọ̀ á fò sórí máṣíìnì, á fún un níná, ẹ̀wù á máa fẹ́ lẹ́yìn, ọlọ́pàá á máa lé e bọ̀, ẹni tó ń wò ó nílé á ti gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, máṣíìnì yẹn ò sáré ju èyí tó ń gbé ìyá àgbà láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba n'Íbàdàn. Kámẹ́rà ló ń sá eré yẹn, òun àti ẹ́dítọ̀ àti ẹni tó ń fi ìró sí i.

Ojú wa kì í fi máṣíìnì fúnra ẹ̀ mọ eré, nǹkan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ ò fi ní lọ ya síìnì ìléra ní Tóògéètì níbi tí títì ti fẹ̀ salalu, àdúgbò tóóró bíi ẹ̀yìn Ògùnpa ló máa wá, tí ṣọ́ọ̀bù, òpó iná àti agbòjò àwọn ìyá ọlọ́jà wà nítòsí, á wá gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kìlómítà 40 ní wákàtí kan á bani lẹ́rù níbẹ̀, 100 lórí ẹsipirẹ́ẹ̀sì á kàn jọ ìgbafẹ́ lásán. Ọgbọ́n kan tún wà tó ti pẹ́: àwòrán 24 ni fíìmù máa ń fi hàn ní sẹ́kọ́ǹdù kan, tí wọ́n bá wá fi 20 tàbí 22 yà á tí wọ́n sì fi 24 gbé e jáde, gbogbo nǹkan á yára díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Tí wọ́n bá ti ṣe é ní àṣejù, ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọwọ́ ẹ̀ á máa lọ wìrì wìrì, aráyé á sì fi rẹ́rìn-ín.

Tó bá wá kan ojú áktọ̀ ńkọ́, pàápàá èyí tí ò mọ máṣíìnì gùn rárá? Níbi tí owó wà, wọ́n á de máṣíìnì mọ́ tírélà pẹlẹbẹ kan tó rẹlẹ̀, mọ́tò á máa fà á, kámẹ́rà á wà lẹ́yìn mọ́tò, áktọ̀ á kàn jókòó á máa ṣojú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wo ọwọ́ òsì ẹ̀ bóyá ó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ sì wò ó tí wọ́n bá dé kọ́nà. Máṣíìnì tó ń yí kọ́nà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà rí mọ̀ ọ́n. Ti orí tírélà á dúró ṣánṣán.

N'Íbàdàn níbí, Micra ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á ṣí bútù ẹ̀ sókè, kámẹ́rámàn á jókòó síbẹ̀, á kọjú sẹ́yìn, á gbé kámẹ́rà lé gimbal kó má bàa máa gbọ̀n, ẹnì kan á di bẹ́líìtì ẹ̀ mú látẹ̀yìn, ọ̀kadà á wá máa tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ dírẹ́bà Micra ló le jù, torí eré kan náà ló gbọ́dọ̀ máa sá, kò gbọ́dọ̀ tẹ búrèkì lójijì, tó bá sì rí kòtò ó gbọ́dọ̀ ti pariwo kó tó débẹ̀. Tó bá di pé kí wọ́n ya áktọ̀ láti ẹ̀yìn tàbí láti òkèèrè, ẹni tó ni ọ̀kadà gan-an ni wọ́n máa wọ ẹ̀wù áktọ̀ fún. Owó ọjọ́ ni wọ́n ti san fún un tẹ́lẹ̀, wọ́n á kàn fi nǹkan díẹ̀ lé e ni.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù The Great Escape, 1963, áktọ̀ ibẹ̀, Steve McQueen, mọ máṣíìnì gùn dáadáa, àmọ́ Bud Ekins, tó ń bá a ṣe síìnì eléwu, ló gbé e fo ọgbà wáyà ẹlẹ́gùn-ún, Triumph ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì tún ṣe kó lè jọ ti sójà Jámánì. Èyí tó dùn jù ni pé wọ́n tún wọ aṣọ sójà Jámánì fún McQueen kó máa lé ara ẹ̀, wọ́n gé e níbí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún, ó parí. Ní 1991, nínú Terminator 2, okùn wáyà ló gbé Harley, máṣíìnì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dání nígbà tó ń já sínú kànáàlì, kọ̀ǹpútà ló wá pa wáyà rẹ́.

Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ náà níṣẹ́ tiẹ̀. Látìgbà tí áktọ̀ Marlon Brando ti wọ̀ ọ́ nínú fíìmù The Wild One ní 1953, kí áktọ̀ tó lanu ni aṣọ ti sọ irú èèyàn tó jẹ́. Nínú fíìmù Yorùbá, ọkùnrin méjì lórí ọ̀kadà kan, jígí dúdú lójú, ta ló tún ń bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ? Jákẹ́ẹ̀tì yẹn tún ń bo tìmùtìmù tí wọ́n dì mọ́ igbọ̀nwọ́ ẹni tó máa ṣubú.

Síìnì jàǹbá ló ń náni lówó. Fún fíìmù Easy Rider, 1969, Harley ọlọ́pàá tó ti gbó ni wọ́n rà ní gbàǹjo, Cliff Vaughs àti Ben Hardy, aláwọ̀ dúdú méjèèjì, ló sọ wọ́n di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì pẹ́ gan-an káwọn èèyàn tó máa dárúkọ wọn, ìyẹn ò dáa. Mẹ́rin ni wọ́n ṣe, ọ̀kan bàjẹ́ nínú síìnì ìparí, olè jí àwọn yòókù. Níbí, ta ló fẹ́ ba Bajaj oní-Bajaj jẹ́? Wọ́n á ya ojú áktọ̀ bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ìró gbàgà sí i, kámẹ́rà á wá bá máṣíìnì nínú gọ́tà tí wọ́n rọra tẹ́ ẹ sí lẹ́yìn tí wọ́n ti fa pẹtiróòlù inú ẹ̀, ẹnì kan á fọwọ́ yí táyà iwájú, á sì yára kúrò níbẹ̀.

Ìró ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fíìmù wa ti ń já kulẹ̀. Èyí tí kámẹ́rà gbà lójú títì ò wúlò, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n gba ti ẹ́ńjìnì lọ́tọ̀ ni, kí wọ́n fi nǹkan onírun bo máìkì, kí wọ́n gbé e sítòsí sàlẹ́ńsà, kí ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ láti jíà kìíní lọ sókè. Àwọn tó ń kánjú á kàn lọ mú ìró Harley lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ Boxer, ọ̀kadà Bajaj. Písítìn méjì ló wà nínú Harley, àlàfo tí wọ́n fi ń jó ò dọ́gba, ó fi máa ń dún gbì-gbìgbì, gbì-gbìgbì. Ti Boxer, ọ̀kan ṣoṣo ni, ọmọ Mọ́kọ́lá tó ń gbọ́ ọ láràárọ̀ á sì mọ̀ kíá. Wọ́n á tún máa pààrọ̀ jíà títí, ẹ kà á, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje, lórí máṣíìnì tí jíà ẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Ọlọ́kadà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ṣì ń bẹ nítòsí, kí wọ́n pè é wá gbọ́ ọ kí fíìmù tó jáde, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.