Kí ni "tả đạo"? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pa àwọn fadá ní Vietnam

Ọmọ àlè ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ òwe yìí ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Lédè Vietnam, tả ni òsì (òsì ni mo wí o, kì í ṣe òṣì), đạo sì ni ọ̀nà, tàbí ẹ̀sìn. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ó di ọ̀nà òsì: ẹ̀sìn tí kò tọ́, tó ń kọ ẹ̀yìn sí baba ńlá, tó sì ń kọ ẹ̀yìn sí ọba.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òfin wọn ló ń pe ẹ̀sìn tí ìjọba ò fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Gia Long, tó gorí ìtẹ́ Vietnam ní 1802, fẹ́ ṣe òfin tirẹ̀, ti Ṣáínà ló wò kọ. Ẹ ò rí i pé kò sí Jésù tàbí Póòpù nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àpò lásán ni. Ohun tí ìjọba bá kórìíra ló ń jù sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kan àwọn Àgùdà.

Kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀ràn kan wà nínú ilé, èkejì wà láàfin. Ti ilé ni pé ìdílé a máa ní pẹpẹ àwọn baba ńlá, níbi tí wọ́n ti ń sun tùràrí, tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ síwájú òkú. Ní 1742, Róòmù ka irú ètùtù bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ti ṣèrìbọmi kò gbọdọ̀ forí balẹ̀ níwájú pẹpẹ bàbá rẹ̀ mọ́. Àwa tí a ti rí ìjà ẹbí lórí ẹni tó ní òun ò dá sí ọ̀rọ̀ egúngún ilé mọ́, a mọ bí irú nǹkan báyìí ṣe ń gbóná tó.

Ti ààfin le jù. Bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Faransé kan, Pigneau de Béhaine, wà lára àwọn tó ran Gia Long lọ́wọ́ kó tó rí ìtẹ́ gbà. Lójú tèmi, Minh Mạng ọmọ rẹ̀, tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, kò gbàgbé ìyẹn: ẹni tó lè bá bàbá rẹ gba ìtẹ́ lè bá ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ ìwọ náà. Ní 1825, ó ní kí fadá òyìnbó kankan má wọ ìlú mọ́. Ní 1833, Lê Văn Khôi dìtẹ̀ ní Saigon, àwọn Kristẹni sì wà lára àwọn tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ọmọ ogun ọba gba odi Saigon lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n bá fadá ọmọ Faransé kan, Joseph Marchand, nínú rẹ̀. Ó ní òun ò bá wọn lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Huế, ìlú tí ààfin ọba wà, wọ́n sì ń gé ẹran ara rẹ̀ títí ó fi kú.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ẹlẹ́sìn òsì kò gba àkókò. Wọ́n á tẹ́ àgbélébùú sílẹ̀, wọ́n á ní kí o tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ìṣísẹ̀ kan péré. Fadá ọmọ Faransé kan, Théophane Vénard, kò tẹ̀ ẹ́. Inú àgò ọparun ni wọ́n há a mọ́, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Faransé. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà tí wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Hanoi, lọ́jọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1861. Teresa Mímọ́ ti Lisieux fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Tự Đức ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, ẹ̀rù tó ń bà á kì í sì í ṣe àlá lásán. Pellerin, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Vietnam, ti lọ bẹ Napoleon Kẹta, ọba Faransé, pé kó dá sí i; ní 1858, ọkọ̀ ogun Faransé àti Sípéènì kọlu Đà Nẵng, wọ́n ní nítorí àwọn fadá tí wọ́n pa ni. Mi ò gbè sẹ́yìn idà ọba o, ṣùgbọ́n ìbọn àwọn tó ní àwọn wá gbèjà Kristẹni ló mú kí ìyà Kristẹni le sí i. Ní 1861, àṣẹ tí wọ́n ń pè ní phân sáp jáde, ìyẹn ni pé kí wọ́n pín wọn, kí wọ́n sì kì wọ́n bọ àárín àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n tú abúlé wọn ká, wọ́n ya ọkọ lára aya, wọ́n sì fi àmì sí wọn lójú: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, tả đạo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, orúkọ ìlú ẹni. Ilà ojú tiwa, ilé ẹni ni wọ́n fi ń mọ̀. Ilà yìí náà sọ ilé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi júwe rẹ̀.

Ní 1862, Tự Đức fọwọ́ sí àdéhùn tó gba ẹ̀sìn Àgùdà láyè, tó sì gbé ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní gúúsù fún Faransé. Nínú àwọn ajẹ́rìíkú 117 tí Póòpù John Paul Kejì sọ di ẹni mímọ́ ní 1988, ọmọ Faransé jẹ́ 10, ọmọ Sípéènì jẹ́ 11. Àwọn 96 yòókù, Vietnam níbẹ̀ ni ilé bàbá wọn.